Àdàlù Eérú àti Sìmẹ́ńtì ní Ilẹ̀ Olómi: Àpẹẹrẹ Ọ̀nà Jakpa, Warri

Ìfáárà

Bí ọ̀rọ̀ ilé tó ń sán ní agbègbè Warri bá délẹ̀, gáàsì tí wọ́n ń sun ni ẹnu kọ́kọ́ máa ń kàn. A kò ní kí a má dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n epo rọ̀bì Nàìjíríà kò ní imí-ọjọ́ púpọ̀ nínú bíi ti àwọn ilẹ̀ mìíràn. Lójú tiwa, ohun tó ń jẹ kọnkéré jù lọ ní Ọ̀nà Jakpa kò sí lójú ọ̀run. Ó wà nínú ilẹ̀, nínú gọ́tà àti nínú ihò ṣáláńgá.

Ọ̀nà Jakpa wà ní Effurun, ní ìjọba ìbílẹ̀ Uvwie, ìlú tó ti fara kan Warri pátápátá. Òjò tó ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún ju 2,500 mìlímítà lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti Ìbàdàn. Ilẹ̀ tẹ́jú, omi kò jìnnà sójú ilẹ̀, nítorí náà inú omi ni ọ̀pọ̀ ìpìlẹ̀ ilé ń gbé fún oṣù gbọọrọ.

Bí kọnkéré ṣe ń jẹrà

Bí sìmẹ́ńtì bá pàdé omi, nǹkan méjì ló ń ti ibẹ̀ jáde. Èkíní ni àtè tó ń so yanrìn àti òkúta pọ̀. Èkejì ni ẹfun tó kàn jókòó láàárín wọn, tó lè tó ìdá kan nínú márùn-ún. Ẹfun yìí wúlò: ó dà bí omi eérú tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ dúdú, kì í jẹ́ kí irin inú kọnkéré dípẹtà. Ṣùgbọ́n omi tètè ń yọ́ ọ, ohun kíkan sì tètè ń jẹ ẹ́. Ibi tó ti kúrò di ihò, ọ̀tá sì gba ibẹ̀ wọlé.

Ọ̀tá kan ni sọ́fétì. Bí wọ́n bá gbẹ́ ẹrẹ̀ àbàtà etí omi oníyọ̀ síta tí atẹ́gùn sì fẹ́ sí i, imí-ọjọ́ inú rẹ̀ a di sọ́fétì àti ásíìdì. Bí irú erùpẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá yí ìpìlẹ̀ ká, sọ́fétì a wọlé, a wá di ohun mìíràn tó ń wú nínú kọnkéré tó ti gan, bí ìgbà tí gààrí bá wú nínú ìgò tí a dé pa. Dandan ni kí ó sán.

Ti ihò ṣáláńgá tún burú jù ú lọ. Gáàsì tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́ a gòkè láti inú ẹ̀gbin, a lẹ̀ mọ́ abẹ́ ìdérí tó tutù. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó wà níbẹ̀ ló ń sọ ọ́ di ásíìdì inú bátìrì mọ́tò gan-an. C. D. Parker ló fi èyí hàn ní Melbourne, ní Ọsirélíà, ní 1945. Ìdí nìyí tí òkè ihò, níbi tí omi kò dé, fi máa ń jẹrà ṣáájú ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá ń gba orí ìdérí kọjá kò lè rí i.

Ohun tí eérú lè ṣe

Onílé a máa béèrè sìmẹ́ńtì “tó le jù”, pàápàá láti 2014 tí àjọ SON ti ní kí 32.5 wà fún rírẹ́ ògiri nìkan. Nọ́ńbà 42.5 ara báàgì ń sọ agbára lẹ́yìn ọjọ́ 28. Kò sọ iye ọdún tí kọnkéré yóò lò nínú omi kíkan.

Àwọn ará Róòmù ìgbàanì ti po eérú òkè ayọnáyèéfín mọ́ ẹfun fún iṣẹ́ etí òkun. Tiwa ni eérú èèpo ìrẹsì, irú èyí tó gba ilẹ̀ kan ní Abakaliki, àti amọ̀ funfun tí a fi iná yan, èyí tó wà ní Ubulu-Uku ní ìpínlẹ̀ Delta níbí. Bí a bá fi wọ́n rọ́pò ìdá 10 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún sìmẹ́ńtì, sílíkà inú wọn a mú ẹfun tó jókòó lásán yẹn, a sọ òun náà di àtè. Ihò dín kù, omi iyọ̀ àti sọ́fétì kò sì tètè ráyè wọlé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo eérú. Èyí tí iná rẹ̀ kọjá nǹkan bí 700 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ḷ́síọ́ọ̀sì lè dà bí yanrìn lásán, èyí tí kò jó dáadáa a sì dúdú. A gbọ́dọ̀ lọ̀ ọ́ kúnná pẹ̀lú.

Àdàlù yìí kì í tètè le. Ó yẹ kí a máa bu omi rin ín fún ọjọ́ 14 ó kéré tán, èyí tí ìkánjú onílé kì í sábàá gbà.

Ibi tí agbára rẹ̀ pin sí ni ásíìdì. Àtè náà, ì báà jẹ́ ti eérú, ásíìdì bátìrì yóò jẹ ẹ́. Eérú kàn ń fà á sẹ́yìn díẹ̀ ni. Fún ìdérí ihò ṣáláńgá, a nílò páìpù tí gáàsì yóò máa gbà jáde, omi tí kò ju bíi lítà 22 lọ fún báàgì 50 kg, kọnkéré tó bo irin tó 50 mìlímítà, àti ọ̀dà bítúmẹ́ẹ̀nì tàbí ìpọ́ksì ní abẹ́ ìdérí. Kí wọ́n tó gbé e sórí ihò ni kí wọ́n ti kun ún, nítorí kò sẹ́ni tí yóò padà wọ ibẹ̀ lọ kùn ún.