LSU gbà láti san nǹkan bíi mílíọ̀nù 54 dọ́là fún akọ́nimọ̀ọ́gbá tí wọ́n lé: àwọn ọmọ tó tìtorí ẹ̀ wá ńkọ́?

Ẹ gbọ́ ná, ẹ̀yin èèyàn mi. Irú ìwé gbélé-ẹ wo ni wọ́n ń já lé èèyàn lọ́wọ́, tí nǹkan bíi mílíọ̀nù 54 dọ́là tún ń tẹ̀lé e lẹ́yìn? Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Brian Kelly nìyẹn ní Baton Rouge, ìpínlẹ̀ Louisiana, l'Amẹ́ríkà. Lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ 25, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, ikọ̀ Texas A&M wá bá wọn nílé, wọ́n sì nà wọ́n 49 sí 25. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú máa fi ṣú, Fásitì Ìpínlẹ̀ Louisiana, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí LSU, ti ní kí akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn máa lọ sílé ẹ̀.

Kí n tètè sọ ọ́, bọ́ọ̀lù tí mò ń wí yìí kì í ṣe èyí tí Osimhen ń gbá. Bọ́ọ̀lù àwọn Amẹ́ríkà ni, èyí tó rí bí ẹyin, tí wọ́n ń gbá mọ́ àyà sáré, tí wọ́n á dé akoto, tí wọ́n á sì máa kọlu ara wọn bí àgbò. Akẹ́kọ̀ọ́ fásitì ló ń gbá a, ṣùgbọ́n ẹ má rò pé eré ọmọdé ni. Pápá ìṣeré LSU gba èèyàn tó lé ní 102,000. Pápá Moshood Abiola tó wà l'Abuja kò tó bẹ́ẹ̀ rárá.

Ìdí tí wọ́n fi lé e kò ṣòro ó mọ̀. Kí Kelly tó dé, akọ́nimọ̀ọ́gbá mẹ́ta tó jẹ tẹ̀léra wọn níbẹ̀ ló gba ife-ẹ̀yẹ gbogbo Amẹ́ríkà: Nick Saban lọ́dún 2003, Les Miles lọ́dún 2007, Ed Orgeron lọ́dún 2019. Miles àti Orgeron gba ife náà tán, wọ́n ṣì ní kí wọ́n máa lọ nígbà tó yá. Kelly ní tiẹ̀ borí nígbà 34, wọ́n nà án nígbà 14, kò sì gba ife kankan. Níbòmíì, wọ́n á máa pọ́n ọn lé. Ní LSU, ẹni tó bá lo ọdún mẹ́rin láìgba ife, àlejò ni.

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù kọ́ ló gbé mi dìde lónìí o. Ọ̀rọ̀ ìwé tí wọ́n tọwọ́ bọ̀ ni. Ìpẹ̀kun ọdún 2021 ni LSU lọ fa Kelly yọ ní Notre Dame. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n kọ sínú àdéhùn ẹ̀, owó ibẹ̀ sì jẹ́ mílíọ̀nù 95 dọ́là láìka àjẹmọ́nú mọ́ ọn. Gbólóhùn kan wà nínú ẹ̀ pé bí wọ́n bá lé e láìjẹ́ pé ó ṣẹ̀, wọ́n máa san èyí tó pọ̀ jù nínú owó tó kù títí di ọdún 2031. Gbólóhùn yìí ló bí mílíọ̀nù 54.

Gómìnà Louisiana, Jeff Landry, gbọ́ iye yìí, inú bí i. Ó ní Scott Woodward, ọ̀gá tó ń bójú tó eré ìdárayá ní LSU, kò ní bá wọn yan akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ń bọ̀, pé òun á kúkú jẹ́ kí Ààrẹ Donald Trump yàn án. Ó ní irú ìwé báyìí ni ọkùnrin náà tọwọ́ bọ̀ ní Texas A&M, tó fi kó wọn sí gbèsè tó lé ní mílíọ̀nù 70. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, Woodward náà kẹ́rù ẹ̀ jáde.

Ibi tí gómìnà ti sọ òótọ́ wà níbẹ̀, ibi tó ti fò ó sì wà níbẹ̀. Woodward ló wà ní Texas A&M lóòótọ́ nígbà tí wọ́n gba Jimbo Fisher ní oṣù Kejìlá, ọdún 2017, ọdún mẹ́wàá, mílíọ̀nù 75, tí wọn ò ní yọ kọ́bọ̀ nínú ẹ̀. Inú wọn dùn débi pé olórí àwọn fásitì náà gbé àmì-ẹ̀yẹ kan fún Fisher pé ó gba ife gbogbo Amẹ́ríkà, wọ́n wá fi àyè ọdún sílẹ̀ lófìfo kó lè kún un tó bá gbà á. Àyè yẹn ò kún. Ṣùgbọ́n ẹlòmíì ló wà lórí àga Woodward lọ́dún 2021 tí wọ́n tún fi ọdún kún àdéhùn Fisher, tí wọ́n sì fi owó kún un. Àfikún yẹn gan-an ló sọ ọ́ di nǹkan bíi mílíọ̀nù 76 nígbà tí wọ́n lé Fisher ní oṣù Kọkànlá, ọdún 2023. Kò sì sí gbólóhùn kankan nínú ìwé ẹ̀ pé tó bá ríṣẹ́ síbòmíì, kí wọ́n yọ owó ibẹ̀ kúrò nínú tiwọn. Ó lè lọ gba iṣẹ́ tuntun láàárọ̀ ọ̀la, kó máa gba owó méjèèjì.

Ìwé Kelly sàn ju ìyẹn lọ. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó gbọ́dọ̀ wáṣẹ́ míì tọkàntọkàn, ohun tó bá sì ń gbà níbẹ̀, LSU á yọ ọ́ nínú tiwọn. Àwa tá a ka òfin mọ irú gbólóhùn yìí dáadáa: ẹni tí wọ́n já àdéhùn ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ká apá gbera kó máa wo owó tó ń wọlé. Nítorí náà, ẹni tó bá ní àdéhùn méjèèjì ò yàtọ̀ síra, ẹ bá mi sọ fún un pé kò kà wọ́n.

Níbi tí LSU ti wá já mi kulẹ̀ ni ohun tí wọ́n ṣe ní oṣù Kọkànlá. Wọ́n kọ́kọ́ fi mílíọ̀nù 25 lọ Kelly kó gbà á lẹ́ẹ̀kan, kó máa lọ. Ó kọ̀. Wọ́n sọ ọ́ di 30. Ó tún kọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ní kì í ṣe pé àwọn ti lé e tán lábẹ́ òfin, pé Woodward ò láṣẹ láti lé e, pé ó ṣeé ṣe kí àwọn rí ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ó ṣẹ̀, kò sí owó kankan nìyẹn. Kelly gba ilé-ẹjọ́ lọ ní Baton Rouge, ó ní kí adájọ́ sọ bóyá wọ́n lé òun àbí wọn ò lé òun.

Ẹ dákun, bí ilé-iṣẹ́ bá kéde pé wọ́n ti ní kó o máa lọ, tí wọ́n fi ẹlòmíì jókòó sórí àga ẹ, tí Frank Wilson ti ń darí ikọ̀ láti ọ̀sẹ̀ yẹn, kí ni wọ́n tún ń pè ní lílé? Ẹni tí ò mọ òfin rárá á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Kí oṣù náà tó parí, LSU kọ̀wé pé àwọn lé e láìjẹ́ pé ó ṣẹ̀, pé àwọn á san owó ẹ̀ bó ṣe wà nínú ìwé. Àwa tá a wà nílé níbí kò yẹ ká fi wọ́n ṣẹlẹ́yà o, nítorí NFF lé Gernot Rohr ní oṣù Kejìlá, ọdún 2021, FIFA ló padà pàṣẹ pé kí wọ́n san ohun tí wọ́n jẹ ẹ́.

Àwọn kan ń bú Kelly pé olójúkòkòrò ni. Mi ò sí lára wọn. Kò fi ìbọn gba ìwé yẹn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ilé-ẹjọ́ Amẹ́ríkà sì ti dá irú ẹjọ́ yìí rí, LSU náà ló sì wà nídìí ẹ̀. Gerry DiNardo wà ní fásitì Vanderbilt, ó ní àdéhùn lọ́wọ́, LSU wá gbé e lọ ní òpin ọdún 1994. Vanderbilt ní kó san owó tí wọ́n jọ kọ sínú ìwé pé ẹni tó bá kọ́kọ́ sá lọ máa san. DiNardo ní ìjìyà lásán ni gbólóhùn yẹn, pé òfin ò gbà á. Ilé-ẹjọ́ àkọ́kọ́ ní kó san 281,886 dọ́là àti sẹ́ǹtì díẹ̀. Nígbà tó di ọdún 1999, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fọwọ́ sí i pé gbólóhùn náà dúró lábẹ́ òfin. Ìdí tí wọ́n sọ ló dùn mọ́ mi jù: wọ́n ní tí olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá bá lọ, kì í ṣe owó oṣù ẹni tí wọ́n máa fi rọ́pò nìkan ni ilé-ẹ̀kọ́ ń pàdánù. Ó kan tíkẹ́ẹ̀tì, ó kan àwọn tó ń dáwó.

Àwọn ọmọ. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn náà. Fásitì ní gbólóhùn tó ń dáàbò bò ó, akọ́nimọ̀ọ́gbá náà ní tiẹ̀. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìwé tí àwọn ọmọ yìí ń tọwọ́ bọ̀ fi ń sọ ọ́ kedere pé fásitì lo bá ṣe àdéhùn, o ò bá akọ́nimọ̀ọ́gbá kankan ṣe é. Bó bá lọ, ìwé rẹ ṣì dè ọ́. Oṣù Kẹwàá ọdún 2024 ni NCAA, ẹgbẹ́ tó ń darí eré ìdárayá láwọn fásitì, fagi lé ìwé náà. Ṣùgbọ́n àwa náà mọ̀ pé ọmọ ò yan fásitì tìtorí ilé ìkàwé. Akọ́nimọ̀ọ́gbá ló wá sílé yín, òun ló jẹun lọ́wọ́ ìyá, òun ló pe bàbá ní "sà", òun ló ṣèlérí pé òun á tọ́jú ọmọ yín bí ọmọ òun.

Tó bá wá lọ? Tẹ́lẹ̀, òfin fún àwọn agbábọ́ọ̀lù ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti sọ pé àwọn fẹ́ lọ síbòmíì. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025 yìí kan náà, wọ́n gé e kù sí ọjọ́ 15, tí wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kà ní ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn tí akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun bá ti dé. Kelly ní títí di 2031. Ọmọ ní ọjọ́ 15.

Ẹ sì wo bí LSU ṣe gba tuntun. Ọjọ́ 30, oṣù Kọkànlá ni Lane Kiffin gbà láti wá, ó fi Ole Miss sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ti borí nígbà 11 tí wọ́n pàdánù ẹyọ kan péré, tí wọ́n sì ń lọ síbi ìdíje àṣekágbá. Ole Miss ní kò ní darí wọn débẹ̀, kó máa lọ lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ kẹta, oṣù Kejìlá ni àwọn ọmọ tó ń jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ girama bẹ̀rẹ̀ sí í tọwọ́ bọ̀wé. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni ọmọ tó ti ṣèlérí fún Ole Miss tàbí fún LSU ní láti tún ayé ẹ̀ rò.

Bó bá bọ́ sí rere, ó máa ń dáa gan-an, mi ò ní purọ́. Olusegun Oluwatimi, ọmọ wa tó dàgbà ní Maryland, wà ní fásitì Virginia nígbà tí olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá ibẹ̀, Bronco Mendenhall, sọ ní oṣù Kejìlá ọdún 2021 pé òun ń lọ. Olusegun kó lọ sí Michigan, ó lo ọdún kan péré, ó gba ẹ̀bùn Rimington, ó gba Outland pẹ̀lú, Seattle Seahawks sì mú un lọ́dún 2023. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti mọ iṣẹ́ dójú àmì nìyẹn, gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ló ń wá irú ẹ̀. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, tí akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun ò mọ orúkọ ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ tiẹ̀.

Owó náà ti wá wọ̀ ọ́ báyìí. Ní ọjọ́ kẹfà, oṣù Kẹfà, ọdún 2025, adájọ́ fọwọ́ sí àdéhùn kan tó gba àwọn fásitì láyè láti máa sanwó fún agbábọ́ọ̀lù fúnra wọn, tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 20.5 dọ́là fún ilé-ẹ̀kọ́ kan lọ́dún àkọ́kọ́. Ó dáa, ó tiẹ̀ ti pẹ́ jù. Ṣùgbọ́n níbi tí owó bá wà, ìwé á wà. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan ti ń kọ ọ́ sínú ẹ̀ pé tí ọmọ bá lọ síbòmíì, kó dá owó padà tàbí kí ibi tó ń lọ san án.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó wà ní Houston fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ti ọmọ ẹ̀ ni. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo pè é.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé ẹ rí ojú ewé kẹrin?"

"Àbúrò, èmi tí mò ń ṣiṣẹ́ alẹ́, ojú ewé wo? Iye tí wọ́n kọ síwájú ni mo wò."

Mo ní ojú ewé kẹrin sọ pé tí ọmọ bá kúrò kí ọdún kejì tó pé, ó máa dá ìlàjì owó padà. Kò sọ pé àfi tí akọ́nimọ̀ọ́gbá bá kọ́kọ́ lọ. Kò sọ nǹkan kan nípa akọ́nimọ̀ọ́gbá rárá. Ẹ̀gbọ́n dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ṣùgbọ́n ọkùnrin yẹn sọ fún wa nílé níbí pé òun ò lọ síbì kankan." Mo ní kí ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ nìyẹn, sà.

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo bá wọn kọ: bí olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá bá lọ, tàbí wọ́n bá lé e, fún ìdí yòówù kó jẹ́, ọmọ lè lọ láàárín ọgọ́ta ọjọ́ láìsan kọ́bọ̀ padà. Mi ò níwèé àṣẹ láti ṣe agbẹjọ́rò ní Texas, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n. Mo ní kó wá agbẹjọ́rò ibẹ̀ kó yẹ̀ ẹ́ wò, owó tó máa san fún un kò lè tó ìlàjì ohun tí wọ́n ń sọ yẹn. Ó ti rí ẹnìkan. Ẹni náà ti fi gbólóhùn yẹn ránṣẹ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀hún. Wọ́n dáhùn pé irú ẹ̀ ò sí nínú ìwé tí àwọn máa ń lò, pé àwọn á wò ó.

Àsìkò ìtọwọ́bọ̀wé oṣù Kejìlá ti kọjá báyìí. Ọmọ náà ò tíì tọwọ́ bọ nǹkan kan. Oṣù Kejì ni àsìkò míì.