Ibùdó Abómilọ: Ọ̀rọ̀ kan fún Iṣẹ́ Ìwádìí ní Òkun Átíìkì

Yìnyín ni a ń pe èyí tí ń bá òjò bọ́ láti òkè, yìnyín náà ni a sì ń pe omi tí ó dì nínú fìríìjì. Ìlò yìí kò ni wá lára nílé. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ ṣàlàyé iṣẹ́ àwọn onímọ̀ tí ń gbé orí Òkun Átíìkì, kò tó, nítorí omi òkun tí ó dì tí ó sì ń rìn ni wọ́n dúró lé. Èyí tí ó bá ti ya kúrò lára ìyókù ni a dábàá láti pè ní awẹ́ yìnyín. Ibùdó tí a bá dá sórí rẹ̀ ni ibùdó abómilọ. A kò fara mọ́ 'ibùdó aléfòó'. Ohun tí ó léfòó lè wà lójú kan.

Èkínní tí a dá sórí awẹ́ yìnyín ni èyí tí ilẹ̀ Sófíẹ́ẹ̀tì dá ní ọjọ́ 21, oṣù karùn-ún, 1937. Bàálù gbé Ivan Papanin, olórí wọn, àti ènìyàn mẹ́ta sí ìtòsí ìpẹ̀kun àríwá ayé. Awẹ́ náà nípọn tó mítà 3. Ernst Krenkel ni ó ń fi rédíò ránṣẹ́. Atẹ́gùn ni ó ń yí ẹ̀rọ tí ń fún un ní iná. Yevgeny Fyodorov ń wo oòrùn àti ìràwọ̀ kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n dé, nítorí ibi tí wọ́n sùn sí kọ́ ni wọ́n ń jí sí. Pyotr Shirshov ń wádìí omi: wọn a gbẹ́ ihò sínú yìnyín, wọn a sọ okùn onírin sí i, wọn a sì fi ọwọ́ yí i padà sókè fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Báyìí ni wọ́n ṣe mọ̀ pé jíjìn òkun níbẹ̀ jẹ́ mítà 4,290, àti pé omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀, tí ó ti Òkun Àtìláńtíìkì wá, wà lábẹ́ èyí tí ó tutù.

Bí awẹ́ náà ti ń lọ sí gúúsù ni ó ń fọ́. Nígbà tí ó di oṣù kejì, 1938, èyí tí ó kù lábẹ́ wọn kò ju nǹkan bíi mítà 300 ní gígùn, ibi ìkẹ́rùsí sì ti ya lọ. Ọkọ̀ Taimyr àti Murman kó wọn ní ẹ̀bá Greenland ní ọjọ́ 19 oṣù náà, lẹ́yìn ọjọ́ 274.

Ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ni ó tẹ̀ lé e. Ní 2013 ni wọ́n ní láti kó àwọn òṣìṣẹ́ kúrò ní èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 40, nítorí awẹ́ rẹ̀ ń fọ́. Ní 2022, ọkọ̀ kan tí a kàn fún iṣẹ́ náà, Severny Polyus, ni Rọ́ṣíà jẹ́ kí yìnyín dì mọ́. Ẹnìkan lè sọ pé ọkọ̀ ni èyí, kì í ṣe ibùdó. Ní tiwa, níwọ̀n ìgbà tí kì í ṣe ẹ́ńjìnnì ni ó ń wà á, abómilọ ni.