Tor ń bo ọ̀nà, kì í bo ohùn: àlàyé fún àwa tí ń gba èdè sílẹ̀

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo fẹ́ ṣàlàyé bí Tor ṣe ń ṣiṣẹ́, àti ohun tí kò lè ṣe fún àwa akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè.

1. Ohun tí à ń fi hàn láìmọ̀

Bí a bá ṣí ojú-òpó kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nọ́ńbà IP wa ń bá ìbéèrè wa lọ. HTTPS lè bo ohun tí à ń kà. Síbẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún wa lè mọ ojú-òpó tí a lọ àti àkókò tí a lọ. Ẹni tó ń ka nípa àìsàn ara rẹ̀ kò ṣẹ̀, àmọ́ ó lè má fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀.

2. Èèpo àlùbọ́sà

Ní àárín ẹ̀wádún 1990, àwọn onímọ̀ ní ilé ìwádìí àwọn ọmọ-ogun ojú omi Amẹ́ríkà ronú ọ̀nà kan tí wọ́n fi orúkọ àlùbọ́sà pè, nítorí pé èèpo lórí èèpo ni wọ́n fi ń di ọ̀rọ̀. Inú iṣẹ́ yìí ni Tor ti jáde ní 2002. Ẹ̀rọ mẹ́ta ni ìbéèrè wa ń gbà kọjá, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń bó èèpo kan. Ẹ jẹ́ ká wo lẹ́tà tó ń ti Kétu lọ sí Àjàṣẹ́. Ìránṣẹ́ kìíní gbé e dé Pọ́bẹ̀, èkejì gbé e dé Sakété, ẹ̀kẹta gbé e dé Àjàṣẹ́. Ẹni kìíní mọ ẹni tó kọ ọ́, ẹni kẹta mọ ẹni tó gbà á. Kò sí ẹni tó mọ àwọn méjèèjì.

3. Ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Bí ojú-òpó kò bá lo HTTPS, ẹ̀rọ kẹta lè ka ọ̀rọ̀ wa. Bí a bá fi orúkọ wa wọ Facebook, Facebook mọ̀ wá. Tor lè yí ojú-òpó tí wọ́n dí po. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gé íntánẹ́ẹ̀tì ní Bẹ̀nẹ̀ lọ́jọ́ ìdìbò 28 oṣù kẹrin 2019, kò sí ọ̀nà tí yóò gbà.

Èyí tó kàn wá jù ni èdè fúnra rẹ̀. Ká ní abẹ́nà ìmọ̀ kan sọ ìtàn ìjà ilẹ̀ nínú agbo ilé rẹ̀, tí a yọ orúkọ rẹ̀, tí a sì fi Tor gbé ohùn náà jáde. Ará Ṣábẹ̀ tó bá gbọ́ ọ yóò mọ̀ pé ará Kétu ni. Ará Kétu lè mọ àdúgbò. Bí oríkì ilé bá bọ́ sẹ́nu rẹ̀, gbogbo ìdílé ti di mímọ̀. A bo nọ́ńbà wa, a tú àṣírí ẹni tó gbà wá lálejò.

Nítorí náà, mo dábàá ohun mẹ́ta: kí a gba àṣẹ lọ́tọ̀ fún gbígbà ohùn sílẹ̀ àti fún gbígbé e jáde, kí a yọ oríkì, orúkọ ìbátan àti ti agbo ilé kúrò kó tó jáde, kí a sì fi kọ́kọ́rọ́ ti ohùn àkọ́gbà mọ́ inú kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni Tor wúlò.