Kí ló ń bọ́ lọ́wọ́ wa nígbà tí ìwé bá kúrò lórí bébà bọ́ sójú fóònù?

Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan tó jẹ́ ojú ewé 28 ni Anne Mangen, onímọ̀ nípa ìwé kíkà ní Yunifásítì Stavanger lórílẹ̀-èdè Norway, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti ilẹ̀ Faransé kó fún èèyàn 50 pé kí wọ́n kà. Àwọn kan kà á nínú ìwé, àwọn yòókù kà á lórí ẹ̀rọ ìkàwé Kindle. Ìtàn kan náà ni, láìsí àyọkúrò, láìsí àfikún. Nígbà tí wọ́n kà á tán, wọ́n bi wọ́n ní oríṣiríṣi ìbéèrè, ìdáhùn tọ̀tún-tòsì kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Àfi ìgbà tí ọ̀rọ̀ kan àkókò: èwo ló ṣáájú, èwo ló tẹ̀ lé e, èwo ló kẹ́yìn. Ibẹ̀ ni àwọn tó ka ìwé ti fi àwọn tó ka Kindle sẹ́yìn. Ọdún 2019 ni èsì ìwádìí náà jáde.

Ibẹ̀ gan-an ni mo rò pé gbòǹgbò ọ̀rọ̀ yìí wà. Ojú ọ̀nà tó ní àmì ni ẹni tó ń ka bébà ń rìn. Ó lè má rántí iye ojú ewé, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé apá òsì ni ọ̀rọ̀ náà wà, nísàlẹ̀ pátápátá, nítòsí ibi tí epo kán sí lọ́jọ́ kan. Ewé ń pọ̀ sí i lọ́wọ́ òsì, ó ń dín kù lọ́wọ́ ọ̀tún, ọwọ́ sì ń mọ̀ ọ́n láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. Lórí fóònù, gíláàsì kan ṣoṣo ni gbogbo ojú ewé ń gbà kọjá. Kì í wúwo sí i, kì í fúyẹ́ sí i. Ọ̀rọ̀ tó wà lókè báyìí ti sún lọ kí a tó ṣẹ́jú, ọpọlọ kò sì rí èèkàn tó máa so ó mọ́.

Nǹkan bí 5,000 ọdún péré ni ọmọ ènìyàn ti ń kọ̀wé. Maryanne Wolf, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tó kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 2007 àti 2018, ti ṣàlàyé pé a bí wa mọ́ ọ̀rọ̀ sísọ, ṣùgbọ́n a kò bí wa mọ́ ìwé kíkà. Ńṣe ni ọpọlọ ń yá apá tó wà fún ìríran àti apá tó wà fún èdè, tó ń so wọ́n pọ̀ títí ìwé kíkà á fi mọ́ wa lára. Nǹkan tí a sì fi àṣà kọ́, àṣà mìíràn lè yí i padà.

Ọ̀kan lára àwọn ìwádìí tó kó ọ̀rọ̀ yìí jọ jù ni èyí tí Pablo Delgado àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Sípéènì àti Ísírẹ́lì gbé jáde ní 2018. Ìwádìí 54 tí àwọn mìíràn ti ṣe láàárín 2000 sí 2017 ni wọ́n kó pa pọ̀, àwọn èèyàn tó kópa nínú wọn sì lé ní 170,000. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn tó ka bébà ní òye ohun tí wọ́n kà ju àwọn tó ka ojú ẹ̀rọ lọ. Tó bá jẹ́ ìtàn lásán ni wọ́n ń kà, ìyàtọ̀ yẹn kò hàn. Tó bá jẹ́ ìwé ẹ̀kọ́, tàbí tí wọ́n bá ń lé aago, ìyàtọ̀ náà a hàn kedere.

Ohun kan wà nínú ìwádìí náà tó gbé mi lọ́kàn. Ọ̀pọ̀ wa ti rò pé bí ọmọ bá ṣe ń dàgbà pẹ̀lú ẹ̀rọ lọ́wọ́ ni ìyàtọ̀ yìí á máa dín kù, pé àwa àgbà tí fóònù bá láyé nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Òdì kejì ni wọ́n bá pàdé: bí ọdún ṣe ń gorí ọdún láti 2000 ni àléébù ojú ẹ̀rọ ń pọ̀ sí i.

Kí ló fà á? Rakefet Ackerman, ọ̀kan lára àwọn tó ṣe ìwádìí yẹn, ti bá ìdáhùn kan pàdé ní 2011. Nígbà tó jẹ́ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ló ń pinnu ìgbà tí wọ́n máa dáwọ́ kíkà dúró, àwọn tó ń ka ojú kọ̀ǹpútà tètè gbà pé ohun tí wọ́n kà ti yé àwọn, àṣé kò tíì yé wọn tó bẹ́ẹ̀. Mo mọ ìwà yẹn lára tèmi. Ojú tí mo fi ń ka WhatsApp, tí mo fi ń sáré wo orí ìròyìn, tí àtàǹpàkò ń ta ọ̀rọ̀ sókè kí n tó gbé e mì, ojú kan náà ni mo fi ń wo ìwé tó bá bọ́ sórí fóònù yẹn. Fóònù ti kọ́ ojú wa ní eré sísá, ó sì ṣòro kí ojú tó ti ń sáré láti àárọ̀ rọra máa rìn lálẹ́.

Ti alẹ́ náà tún wà. Ní Boston lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí ní kí èèyàn 12 máa ka ìwé lórí iPad ní alẹ́ márùn-ún, kí wọ́n tún ka bébà ní alẹ́ márùn-ún mìíràn kí wọ́n tó sùn. Ìmọ́lẹ̀ ẹ̀rọ dín melatonin kù nínú ara wọn, ìyẹn èròjà tó ń sọ fún ara pé ilẹ̀ ti ṣú, oorun sì pẹ́ kó tó gbé wọn. Kindle tí kì í tan iná kò sí lára ẹjọ́ yìí. Yíǹkì inú rẹ̀, tó ń lo iná mànàmáná, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní yunifásítì MIT ní ọdún 1997, jẹ́ àwọn ìṣù kóńkóló tí èròjà dúdú àti funfun ń lúwẹ̀ẹ́ nínú wọn. Iná á ti dúdú sókè níbi tí lẹ́tà máa wà, funfun á sì bo ibi yòókù. Ìmọ́lẹ̀ yàrá ni a fi ń kà á bíi bébà.

Ní 2023, ìjọba Sweden ya mílíọ̀nù 685 owó krónà sọ́tọ̀ láti ra ìwé bébà padà sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti fi kọ̀ǹpútà kún fọ́fọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn pín ìròyìn náà káàkiri bí ẹni pé ẹjọ́ ti parí. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Sweden ní ilé ìkàwé ní gbogbo ìlú. Ìwé tí wọ́n ń padà sí wà níbẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ tó kúrò lórí fóònù lè má rí ìwé kankan bá pàdé.

Ohun tí ìjọba Ọ̀ṣun rò nìyẹn ní 2013, nígbà tí Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama àgbà. Ẹ̀rọ pẹlẹbẹ ni, ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá wà nínú rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 150,000 ni wọ́n ní lọ́kàn. Orúkọ náà dùn mọ́ mi, nítorí ọpọ́n Ifá gan-an jẹ́ ibi tí ipò ti ṣe pàtàkì: Ogbè tó wà lápá ọ̀tún pẹ̀lú Ọ̀yẹ̀kú lápá òsì kì í ṣe odù kan náà pẹ̀lú Ọ̀yẹ̀kú lọ́tùn-ún, Ogbè lósì. Ọmọ tí òbí rẹ̀ kò lè ra ìwé mẹ́wàá rí gbogbo wọn gbà nínú ẹ̀rọ kan. Mi ò lè bẹnu àtẹ́ lu èyí. Ní 2014, UNESCO náà gbé ìwádìí jáde lórí àwọn tó ń ka ìwé lórí fóònù ní orílẹ̀-èdè méje, Nàìjíríà wà lára wọn. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta àwọn tí wọ́n bi léèrè ló ń ka ìtàn sétí àwọn ọmọdé láti orí fóònù.

Ṣùgbọ́n ta ló ni ìwé tó wà nínú ẹ̀rọ? Ní 2009, Amazon wọ inú Kindle àwọn oníbàárà, ó sì yọ ìwé George Orwell méjì kúrò nítorí ẹni tó gbé wọn sórí àtẹ kò ní ẹ̀tọ́ sí wọn. Lọ́dọ̀ wa, OkadaBooks, tó ti ń ta ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti 2013, kógbá sílé ní oṣù kọkànlá ọdún 2023. Ìwé tí baba fi sílẹ̀ sínú àpótí, ẹnìkan kò lè ti ọ̀nà jíjìn wá mú un lọ.

Ẹni tó bá ń ka Yorùbá lójú ẹ̀rọ tún ní ìṣòro tirẹ̀. Unicode, ètò tó fún lẹ́tà ayé ní nọ́ńbà, ní nọ́ńbà fún ẹ, fún ọ àti fún ṣ. Kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ́ tàbí ọ̀. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ mú lẹ́tà, kó sì gbé àmì lé e lórí fúnra rẹ̀. Tí irú lẹ́tà tí wọ́n fi kọ ìwé náà kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e, àmì á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó di àpótí òfìfo. Mo ti ka ìwé Yorùbá lórí fóònù rí tí mi ò mọ̀ bóyá ọkọ̀ ni akọni ìtàn náà fi han ìyá rẹ̀ tàbí ọkọ́. Ojú ewé mẹ́ta ni mo kà síwájú kí n tó mọ̀ pé ọkọ́ ni, mo sì ní láti padà lọ tún ìtàn náà kà látìbẹ̀rẹ̀.

Láti 2015 ni gbogbo ìdánwò JAMB ti di ti orí kọ̀ǹpútà, nítorí náà ọmọ wa gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń fi ojú ẹ̀rọ dáhùn ìbéèrè. Kó fi ẹ̀rọ dánra wò. Ṣùgbọ́n orí ìwé tó bá le, èyí tó fẹ́ kó wọnú agbárí, ẹ bá a gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀wé jáde ní kọ́nà, kí wọ́n tẹ ojú ewé bíi mẹ́wàá yẹn sórí bébà, kó fi pẹ́ńsù fàlà sábẹ́ rẹ̀, kó sì gbé fóònù sí yàrá kejì.