Tata Inú Ilẹ̀: Iṣẹ́ Òjò fún Ẹ̀gẹ́ Ẹ̀ẹ̀rùn

Ní oko ẹ̀gẹ́ ilẹ̀ Yorùbá, oṣù Èrèlé àti oṣù Ẹrẹ́nà ni ìpalára tata máa ń hàn jùlọ, nítorí pé koríko ti gbẹ nígbà náà, ọ̀pọ̀ igi ti wọ́wé, ewé ẹ̀gẹ́ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ohun tútù kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù lóko. Tata tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ni èyí tí àwọn onímọ̀ kòkòrò ń pè ní Zonocerus variegatus, aláwọ̀ ewé tó ní àmì dúdú àti pupa rúsúrúsú lára, tó ń rùn bí ènìyàn bá fọwọ́ kàn án, tí kì í sì í fò jìnnà. Bí ó bá jẹ ewé tán, a kọjú sí èèpo igi ẹ̀gẹ́, a sì bó o títí igi yóò fi dúró ní ìhòòhò; ẹ̀gẹ́ náà yóò wá máa fa oúnjẹ tó ti kó pamọ́ sí ìdí rẹ̀ láti fi rú ewé tuntun, igi tí àgbẹ̀ ìbá gé gbìn nígbà òjò á sì ti bàjẹ́. Ìgbà yìí ni àgbẹ̀ máa ń sáré lọ ra oògùn apakòkòrò, ìgbà yìí kan náà sì ni oògùn wúlò kéré jùlọ, nítorí pé tata tó ti gbó kò ní pẹ́ yé ẹyin, kò sì ní pẹ́ kú, yálà wọ́n fín oògùn sí i tàbí wọn kò fín in.

Ọdún tata yàtọ̀ sí ọdún àgbẹ̀. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, láàárín oṣù Ẹrẹ́nà sí oṣù Igbe, abo tata a yé ẹyin sínú ilẹ̀, nínú ìfófó kan tó máa ń gan bí ó bá gbẹ, tó sì ń dà bí ẹ̀pà kékeré tí a kò tíì pa èèpo rẹ̀. Àwọn tó yé ẹyin a kú, oko a dákẹ́, àgbẹ̀ a sì gbàgbé wọn. Ṣùgbọ́n ẹyin yóò wà nínú ilẹ̀ fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà sí méje, títí òjò yóò fi máa kásẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù Ọ̀wàrà àti Bélú. Nígbà náà ni ọmọ tata yóò jáde, dúdú kékeré tó ní àmì yẹ́lò lára, láìní ìyẹ́, wọn yóò sì bọ́ awọ nígbà mẹ́fà kí wọ́n tó di àgbà. Àwọn kan wà tí ọmọ wọn ń jáde nígbà òjò, ṣùgbọ́n iye wọn kò tó ti ẹ̀ẹ̀rùn rárá.

Àkókò tí ẹyin fi wà nínú ilẹ̀ yìí ni ọwọ́ àgbẹ̀ lè tó tata láìná kọ́bọ̀. Abo tata kì í yé ẹyin káàkiri. Ńṣe ni àwọn tó ti oko púpọ̀ wá máa ń kóra jọ sí ojú kan tó ní ìbòòji, tí ilẹ̀ rẹ̀ sì rọ̀, lábẹ́ igbó ṣúúrú ní etí oko tàbí ní ilẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ kó sinmi. Ẹni tó bá rí wọn níbẹ̀ ní oṣù Igbe ní láti kan èèkàn mọ́ ojú ibẹ̀, nítorí pé bí igbó bá ti bò ó, kò sí ohun tí yóò tún fi í hàn. Láti oṣù Èbìbí títí dé oṣù Ọwẹ́wẹ̀, a lè fi ọkọ́ tú ilẹ̀ náà, kí ẹyin tó wà níbẹ̀, tí kò jìn ju ìka ọwọ́ lọ, bọ́ sí ojú oòrùn kó sì kú. W. W. Page àti Paul Richards kọ nípa ọ̀nà yìí ní 1977, lẹ́yìn iṣẹ́ wọn ní gúúsù Nàìjíríà, kókó tí wọ́n sì tẹnu mọ́ ni pé iṣẹ́ gbogbo abúlé ni. Ẹni tó dá oko tirẹ̀ nìkan tú yóò tún rí tata tí a bí sí ilẹ̀ aládùúgbò rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ọjọ́ ọ̀wẹ̀ mélòó kan, tí ìlú tó ní ọ̀wẹ̀ àti àáró kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní láti kọ́, lè mú oko gbogbo ènìyàn rọrùn.

Igbó tí tata fẹ́ràn ju lọ ni èyí tí àwọn kan ń pè ní ewé Akíntọ́lá, tí àwọn mìíràn ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀, tí orúkọ ìmọ̀ rẹ̀ ń jẹ́ Chromolaena odorata. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni orísun rẹ̀. Òdòdó rẹ̀ máa ń yọ nínú ọyẹ́, ní ìgbà tí tata ń dàgbà, ó sì ní oró kan tí tata ń kó sára láti fi dáàbò bo ara rẹ̀ àti ẹyin rẹ̀. Nítorí náà, ríro etí oko kí òdòdó yìí tó tú jẹ́ iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú títú ilẹ̀.

Bí ọmọ tata bá ti jáde, àárọ̀ kùtùkùtù ni ó dára láti kọlù wọ́n, nígbà tí wọ́n ṣì wà lójú kan lórí igbó, tí òtútù kò jẹ́ kí wọ́n lè fò. Oògùn díẹ̀ lójú ibi tí wọ́n wà tó, kò sídìí láti fín gbogbo oko. Ní Kwara àwọn kan ń jẹ tata, ẹ̀mí ènìyàn sì wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé tata tó jẹ oògùn kò ṣeé jẹ. Bí àgbẹ̀ bá rí òkú tata tó di ṣóńṣó ewéko mú ṣinṣin, kó má ṣe já a dànù: fúńgọ́ọ̀sì ló pa á, ìyẹn ẹ̀yà ohun tí ń mú búrẹ́dì hu, láti ara òkú náà ni yóò sì ti ran àwọn yòókù.

Oko àgbàdo kò fún ènìyàn ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Kòkòrò ajẹ̀wé tí ń jẹ́ Spodoptera frugiperda, tó ti Amẹ́ríkà wá, tí wọ́n sì kéde rẹ̀ ní Nàìjíríà, Benin àti Togo ní 2016, ń wọ inú ọkàn àgbàdo lọ fara pamọ́; láti ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn tí àgbàdo bá hù ni ó yẹ kí àgbẹ̀ máa yẹ ewé wò, kó sì gbìn pẹ̀lú òjò àkọ́kọ́, nítorí pé àgbàdo tó pẹ́ ni kòkòrò yìí máa ń pọ̀ lé lórí.

Oúnjẹ ẹran ọ̀sìn náà jẹ́ iṣẹ́ òjò. Koríko bí eruwà, bí wọ́n bá gé e kó tó yọ òdòdó, tí wọ́n sá a, tí wọ́n sì kó o sí ibi tí òjò kò lè pa á, ṣì ní agbára nínú ní oṣù Èrèlé, nígbà tí èyí tó dúró lóko títí ó fi gbẹ kò ju pòròpòrò lọ. Igi agúnmánìyè, tí wọ́n lè gé ẹ̀ka rẹ̀ gbìn ṣe ọgbà, ní ewé tí ewúrẹ́ àti àgùntàn ń jẹ, wọ́n sì lè gé e lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ọdún. Ewúrẹ́ tó bá rí irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ nílé kò ní já wọ oko ẹ̀gẹ́ aládùúgbò láti jẹ ewé tí tata jẹ kù.