Iná àti Ojú Ènìyàn: Yíyan Fíláàṣì Alágbèéká fún Fọ́tò Ìgbéyàwó ní Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù

1. Ìfáàrà

Ìbéèrè kan tí ó dà bí ọ̀rọ̀ ọjà lásán ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú bébà yìí: irú fíláàṣì wo ni ó yẹ kí ayafọ́tò tí ń ṣiṣẹ́ ìgbéyàwó ní Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù rà? Àwọn kan lè sọ pé ẹni tí ń ta kámẹ́rà ni ó yẹ kí ó dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, pé kò kan ẹ̀ka-ẹ̀kọ́. Èrò tiwa yàtọ̀ sí èyí. Fọ́tò ìgbéyàwó wà lára àwọn ohun díẹ̀ tí ẹbí ń tọ́jú láti ìran dé ìran. Bàbá àgbà tí ó jókòó ní ìlà iwájú lónìí lè má sí mọ́ ní ọdún tí ń bọ̀. Nígbà náà, inú fọ́tò yìí gan-an ni àwọn ọmọ rẹ̀ lè ti yọ ojú rẹ̀ jáde fún ìkéde ìsìnkú. Bí iná kò bá dé ojú náà lọ́jọ́ tí a yà á, kò sí àtúnṣe gidi tí a lè ṣe sí i mọ́.

Èrò tí a fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé agbára tí wọ́n kọ sí ara páálí kọ́ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò bí a bá ń ra fíláàṣì fún àwọn ìlú wọ̀nyí. Ohun mẹ́ta ni ó ṣe pàtàkì jù ú lọ: ibi tí a lè gbé iná náà sí, bí ó ti ń tètè gba agbára padà sí, àti ibi tí a ó ti rí bátìrì rẹ̀.

2. Fọ́tò tí ó dára lójú Yorùbá

Kí a tó lè sọ pé fíláàṣì kan sàn ju òmíràn lọ, a gbọ́dọ̀ mọ irú fọ́tò tí a ń fẹ́. Nínú àlàyé tí Robert Farris Thompson ṣe ní 1973 nípa ojú tí àwọn Yorùbá fi ń wo ère gbígbẹ́, ó to àwọn ìlànà kan lẹ́sẹẹsẹ. Mẹ́ta nínú wọn kàn wá gbọ̀ngbọ̀n níhìn-ín. Èkíní ni jíjọra: kí ère jọ ènìyàn níwọ̀nba. Èkejì ni ìfarahàn: kí ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan hàn gedegbe. Ẹ̀kẹta ni dídán: kí ara ère máa dán, kí ìmọ́lẹ̀ àti òjìji sì jọ wà lórí rẹ̀.

Stephen Sprague náà tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde ní 1978 nínú African Arts nípa fọ́tò yíyà láàrin àwọn Yorùbá. Ìlá-Ọ̀ràngún, tí kò jìnnà sí àwọn ìlú mẹ́ta wa yìí, ni ó ti ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Ó ṣàkíyèsí pé nínú fọ́tò àwọn àgbà, ẹni tí a ń yà a máa jókòó gbọnrangandan, a kọjú sí kámẹ́rà, a gbé ọwọ́ lé orúnkún, a sì wọ aṣọ tí ó bá ipò rẹ̀ mu. Èyí fi hàn pé fọ́tò náà gbọ́dọ̀ fi ojú hàn, kí ó sì fi iyì hàn.

Bí a bá fi ìlànà wọ̀nyí wo iná tí ó ti orí kámẹ́rà lọ tààrà sí ojú ènìyàn, a ó rí i pé kò kún ojú òṣùwọ̀n. Ó ń pa òjìji rẹ́, ojú a sì pẹlẹbẹ bí ẹ̀yìn àwo. Ilà ojú àwọn àgbà, ìbáà ṣe àbàjà tàbí pélé, lè fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ pátápátá, nítorí òjìji tín-ín-rín tí ó wà nínú kòtò ilà ni ó ń jẹ́ kí a rí i. Bẹ́ẹ̀ ni òógùn yóò máa kọ mànà níwájú orí. Ìkọmànà yàtọ̀ sí dídán. Iná tí ó bá ti ẹ̀gbẹ́ tàbí òkè wá, tí ó sì ti ara ohun tí ó fẹ̀ bọ̀, ni ó ń jẹ́ kí awọ dúdú dán bí ó ti yẹ.

3. Àyè tí iṣẹ́ náà ti ń wáyé

Ìkìrun ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ́lódùn. Ìnísà àti Òkukù wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn, tí Òkukù jẹ́ olú-ìlú rẹ̀. Àwọn ìlú náà súnmọ́ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ayafọ́tò kan lè ṣe ìdána ní Ìnísà láàárọ̀ kí ó sì wà ní Òkukù lọ́sàn-án. Ohun tí kò bá ṣeé gbé sínú àpò kan ṣoṣo yóò di ẹrù sí i lọ́rùn.

Ojúkò ìgbéyàwó kò sì jẹ́ ọ̀kan. Ìdána lè wáyé nínú agboolé lábẹ́ kánópì. Yìgì síso lè wáyé nínú mọ́sálásí tàbí nínú pálọ̀. Òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì lè ga fíofío, kí pákó rẹ̀ sì pọ́n. Àsè lè wà nínú gbọ̀ngàn tàbí ní ìta gbangba. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ilẹ̀ lè ti ṣú kí wọ́n tó bu omi sí ìyàwó lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ọkọ. Karin Barber, nínú ìwé tí ó kọ nípa Òkukù ní 1991, ṣàlàyé rárà ìyàwó, tí ìyàwó fi ń dágbére fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Irú ayẹyẹ tí ẹsẹ̀ kì í dúró sójú kan báyìí kò gba ẹ̀rọ tí a ní láti fi wáyà so mọ́ ògiri.

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Ojúkò ni kí ayafọ́tò wò kí ó tó pinnu bí yóò ti lo iná. Bí àjà bá funfun, tí kò sì ga jù, yóò dojú fíláàṣì kọ òkè kí iná lè ti ibẹ̀ ṣẹ́ padà wá sára àwọn ènìyàn. Ṣùgbọ́n bí aṣọ kánópì bá jẹ́ pupa tàbí àwọ̀ ewé, àwọ̀ náà ni yóò bá iná bọ̀ sí ojú ìyàwó. Bí òrùlé bá ga, tí ó sì dúdú, iná náà kò ní padà mọ́ rárá. Ní irú ibi bẹ́ẹ̀, ó sàn kí a gbé fíláàṣì kúrò lórí kámẹ́rà, kí a gbé e sórí ẹsẹ̀ onírin ní ẹ̀gbẹ́ kan, kí a sì jẹ́ kí ó gba ara agboòrùn funfun kọjá. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí fíláàṣì ní ni orí tí ó ṣeé yí sí gbogbo ìhà, àti ẹ̀rọ rédíò tí kámẹ́rà yóò fi máa pàṣẹ fún un láti òkèèrè.

4. Ọ̀rọ̀ agbára

Inú kàpásítọ̀ ni fíláàṣì ń kó iná bátìrì pamọ́ sí. Bí a bá tẹ kámẹ́rà, iná náà yóò tú jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo gba inú gíláàsì tí a rọ gáàsì xenon sí. Harold Edgerton ni ó sọ irú iná yìí di ohun èlò fọ́tò ní Amẹ́ríkà láti 1931.

Àwọn tí ń ṣe fíláàṣì a máa kọ nọ́ńbà kan sí i tí a lè pè ní iye atọ́nà. Bí a bá fi iye mítà tí ó wà láàrin fíláàṣì àti ẹni tí a fẹ́ yà pín in, èsì rẹ̀ ni ìwọ̀n tí a ó ṣí ojú lẹ́ńsì sí. Bí iye atọ́nà bá jẹ́ 36 ní ISO 100, tí ẹni náà sì wà ní mítà 4.5, f/8 ni a ó lò. Bí ó bá jìnnà dé mítà 9, ó di f/4. Ṣùgbọ́n ẹ̀tàn lè wà nínú nọ́ńbà orí páálí. Iye atọ́nà 60 tí wọ́n kọ sí Godox V860II, fún àpẹẹrẹ, jẹ́ ti ìgbà tí orí rẹ̀ bá wà ní 200 mm, níbi tí iná ti há. Iná tí ó há bẹ́ẹ̀ kò lè kárí ẹbí tí ó tò lọ bẹẹrẹ.

Fọ́tò ẹbí gan-an ni ìdánwò tí ó le jù. Bí jíjìnnà bá di ìlọ́po méjì, iná tí yóò dé ara ènìyàn a di ìdá kan nínú mẹ́rin. Ká ní àwọn àgbà jókòó ní mítà 3 sí fíláàṣì, tí ìlà ẹ̀yìn sì dúró ní mítà 4.5. Ìdá mẹ́rin nínú mẹ́sàn-án iná tí ìlà iwájú gbà ni ìlà ẹ̀yìn yóò gbà, èyí kò sì tó ìdajì. Àwọn tí ó wà níwájú yóò funfun jù, àwọn tí ó wà lẹ́yìn yóò dúdú. Bí a bá fa fíláàṣì sẹ́yìn dé mítà 6, tí a sì gbé e sókè, ìlà ẹ̀yìn yóò wà ní mítà 7.5, yóò sì gba ìdá 16 nínú 25. Ìyàtọ̀ náà ti dín kù gidigidi. Ṣùgbọ́n agbára tí a nílò láti mítà 6 jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin èyí tí a nílò láti mítà 3. Níhìn-ín ni fíláàṣì alábọ́ọ́dé bíi Godox AD200, tí ó ní agbára 200 wáàtì-sẹ́kọ́ńdì, ti wúlò.

Yàtọ̀ sí fọ́tò ẹbí, agbára ńlá kò pọn dandan bí ó ti rí láyé fíìmù. Ẹni tí ó fi fíìmù ASA 100 sínú kámẹ́rà kò lè yí i padà títí yóò fi tán. Kámẹ́rà díjítà lè bọ́ sí ISO 400 lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, fíláàṣì yóò sì fi ìdá kan nínú mẹ́rin agbára ṣe iṣẹ́ kan náà.

A kò sì gbọdọ̀ fi gbogbo ìṣirò sílẹ̀ fún ẹ̀rọ. Fíláàṣì tí ń dá ìwọ̀n iná ṣírò, tí a ń pè ní TTL, kò mọ ènìyàn yàtọ̀ sí aṣọ. Bí aṣọ funfun ìyàwó bá gba ojú fọ́tò, ẹ̀rọ yóò rò pé iná ti pọ̀ jù, yóò dín in kù, ojú tọkọtaya yóò sì ṣókùnkùn. Ayafọ́tò gbọ́dọ̀ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi iná kún un.

5. Bátìrì àti ìpadàbọ̀ iná

Nígbà tí ìyàwó bá kúnlẹ̀ fún àdúrà àwọn òbí rẹ̀, omi lè bọ́ lójú bàbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí fíláàṣì bá ṣì ń gba agbára lọ́wọ́ ní àkókò náà, fọ́tò yẹn ti lọ. Ìdí nìyí tí a fi sọ pé ìyára ṣe pàtàkì ju agbára lọ. Bí a kò bá lo ju ìdá kan nínú mẹ́rin agbára lọ, fíláàṣì yóò tètè padà, bátìrì yóò pẹ́, gíláàsì rẹ̀ kò sì ní gbóná jù lábẹ́ oòrùn ọ̀sán.

Oríṣi bátìrì méjì ni ó wọ́pọ̀. Àwọn fíláàṣì kan ń lo bátìrì AA mẹ́rin. Nínú wọn, irú tí a lè cháàjì, tí a ń pè ní NiMH, ń dá iná padà kíákíá ju bátìrì alikaláìnì lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé fóòtì 1.2 ni ó ní, tí èkejì sì ní 1.5. Ìdí ni pé ó lè tú iná púpọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn fíláàṣì mìíràn ní bátìrì lítíọ́ọ̀mù tiwọn. Ìwọ̀nyí yára jù, wọ́n sì ń pẹ́ jù. Ṣùgbọ́n bí bátìrì bẹ́ẹ̀ bá kú ní Òkukù lọ́sàn-án Sátidé, kò dájú pé a ó rí irú rẹ̀ rà nítòsí. A lè rí AA ní ìsọ̀ onípúrófíṣọ̀n.

Iná mànàmáná náà kò ṣeé gbọ́kàn lé. Láti ìgbà NEPA títí dé ìgbà IBEDC, tí ó gba iṣẹ́ náà ní 2013, àwọn ènìyàn ṣì ń fi jẹnẹrétọ̀ dúró dè é. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé òun ní ìgbéyàwó ní Sátidé kò gbọdọ̀ dúró di alẹ́ Jímọ́ọ̀ kí ó tó cháàjì bátìrì.

6. Fíláàṣì tọ́kùnbọ̀

Owó pọ́ọ́kú ń fa ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sídìí fíláàṣì tọ́kùnbọ̀. Kò burú, ṣùgbọ́n ewu kan wà níbẹ̀. Àwọn fíláàṣì àtijọ́ kan, irú bí àwọn kan lára Vivitar 283 tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, ń rán iná tí ó ju fóòtì 200 lọ sí ẹsẹ̀ tí a fi kan kámẹ́rà. Kámẹ́rà onírin àtijọ́ lè fara dà á. Iná bẹ́ẹ̀ lè ba kámẹ́rà díjítà jẹ́. Kí a tó fi irú fíláàṣì bẹ́ẹ̀ sórí kámẹ́rà, ó yẹ kí a tan án títí yóò fi kún, kí a sì fi mítà àwọn oníṣẹ́ iná wọn fóòtì tí ó wà láàrin ojú irin àárín àti irin ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

7. Àbá àti ìparí

Láti inú àlàyé wọ̀nyí, a lè dá àbá yìí. Ẹni tí owó rẹ̀ kò ju ti ẹ̀rọ kan lọ, kí ó ra fíláàṣì alábátìrì AA tí orí rẹ̀ ṣeé yí, kí ó ra rédíò rẹ̀, NiMH mẹ́jọ, agboòrùn funfun kan àti ẹsẹ̀ onírin kan. Ẹni tí agbára rẹ̀ bá gbé e jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó ra onílítíọ́ọ̀mù pẹ̀lú bátìrì méjì fún iṣẹ́ gbogbo ọjọ́, kí ó sì fi ti AA pamọ́ sínú àpò. Fíláàṣì alábọ́ọ́dé ni kí ó kẹ́yìn, nígbà tí fọ́tò ẹbí bá ti di apá ńlá nínú iṣẹ́ rẹ̀.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò ní àwọn ayafọ́tò àná fi fíláàṣì kan ṣoṣo ṣe iṣẹ́ tí a ṣì ń yìn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ tí a ń yìn náà ni wọ́n yà nínú ṣọ́ọ̀bù, níbi tí wọ́n ti ní àyè láti to iná sí ẹ̀gbẹ́ àti òkè. Ohun tí fíláàṣì alágbèéká tí a yàn dáadáa ń ṣe ni láti gbé irú àyè bẹ́ẹ̀ lọ bá àwọn ènìyàn nínú agboolé wọn.