Kíkówọlé àti Ìforúkọsílẹ̀: Ọ̀rọ̀ fún Àkójọ Ohùn àti Àwòrán inú Kọ̀ǹpútà

Àwọn ètò kọ̀ǹpútà kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju pé kí wọ́n wá ohùn àti àwòrán kiri inú ẹ̀rọ, kí wọ́n sì tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ fún ẹni tí ó ni wọ́n. Ohun tí wọ́n tò jọ bẹ́ẹ̀ ni a pè ní àkójọ níhìn-ín. ‘Ilé-ìkàwé’ kò bá a mu, nítorí pé ohun tí àkójọ kan ń fi hàn lè wà káàkiri ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ibi tí a ń kó fáìlì sí, tí àwọn ènìyàn ń pè ní fódà, ni a pè ní àpò: àpò ń gba ẹrù, àpò sì lè wà nínú àpò.

Ìṣòro tí ó le jù wà lára ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo. Nínú Lightroom, ètò àwòrán tí ilé-iṣẹ́ Adobe gbé jáde ní ọdún 2007, orúkọ kan ni gbígba àwòrán sínú àkójọ ń jẹ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Atúmọ̀-èdè yóò tètè pè é ní ‘kíkówọlé’, bí a ti ń sọ nípa ọjà òkè òkun. Ṣùgbọ́n lábẹ́ orúkọ kan yìí, ènìyàn lè yàn pé kí a ṣe ẹ̀dà àwòrán, tàbí kí a ṣí i nípò lọ sí àpò mìíràn, tàbí kí a fi í sílẹ̀ ní ààyè rẹ̀, kí a kàn kọ orúkọ rẹ̀ àti ibi tí ó wà sílẹ̀. Bákan náà ni iTunes, tí ilé-iṣẹ́ Apple gbé jáde ní ọdún 2001, ṣe ń jẹ́ kí ènìyàn yan bóyá kí ó ṣe ẹ̀dà orin sínú àpò tirẹ̀ tàbí kí ó má ṣe é.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹnu lásán. Bí olùkọ́ kan bá gba ìjálá sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ọdẹ àgbà, tí ìwé ìtọ́nisọ́nà sì sọ fún un pé a ti ‘kó o wọlé’, ó lè pa àwọn fáìlì ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ kí àyè lè wà nínú ẹ̀rọ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ orúkọ wọn nìkan ni a kọ sílẹ̀, àkójọ lè ṣì máa fi orúkọ náà hàn, ṣùgbọ́n ohùn àwọn àgbà ti lọ.

Nítorí náà, ó yẹ kí ‘kíkówọlé’ dúró fún ṣíṣe ẹ̀dà àti ṣíṣínípò nìkan, kí ‘ìforúkọsílẹ̀’ sì dúró fún èkejì. Ẹni tí a kọ orúkọ rẹ̀ sí ìwé ìkànìyàn kò tìtorí bẹ́ẹ̀ kó kúrò ní ilé rẹ̀.

Àpò tí ètò ń wò láti gba ohun titun fúnra rẹ̀ ni a lè pè ní àpò abẹ́-ìṣọ́. Ti Lightroom gbọ́dọ̀ ṣófo nígbà tí a bá ń yàn án. Àwòrán tí a bá fi sínú rẹ̀ lẹ́yìn náà ni ètò yóò ṣí nípò lọ sí àpò mìíràn, tí yóò sì kà mọ́ àkójọ. Kì í ṣọ́ àwọn àpò kéékèèké inú rẹ̀.

Ó ku àpò tí a kò fẹ́ kí ètò fọwọ́ kàn. Lórí fóònù Android, bí a bá fi fáìlì òfìfo tí ń jẹ́ .nomedia sínú àpò kan, ètò tí ń wá ohùn àti àwòrán kò ní í ka ohun tí ó wà níbẹ̀ mọ́ àkójọ. ‘Fi pamọ́’ kò dára fún èyí, nítorí pé ó lè túmọ̀ sí títọ́jú, ó sì lè túmọ̀ sí bíbò mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣí àpò náà ní tààrà yóò ṣì rí ohun inú rẹ̀. ‘Pa rẹ́’ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé kò sí ohun tí ó parẹ́. ‘Yọ sílẹ̀’ ni ó bá iṣẹ́ náà mu, àpò náà yóò sì máa jẹ́ àpò àyọsílẹ̀.

Ìbéèrè kan ni ó yẹ kí atúmọ̀-èdè bi ara rẹ̀ kí ó tó kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀: bí a bá pa àpò ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ lónìí, ǹjẹ́ ohùn náà yóò dún lọ́la? Bí yóò bá dún, kíkówọlé ni. Bí kò bá ní í dún, ìforúkọsílẹ̀ ni.